Gẹ̀ẹ́sì ẹnu ni mò ń kọ́ wọn ní Peckham

Àǹtí mi kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí kò tíì gbà títí di òní pé iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe. "Ìwọ ọmọ Yorùbá náà lo wá ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn, á sì bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù. Mo ti ṣàlàyé títí pé àwọn tí mò ń kọ́ kì í ṣe òyìnbó onílé, àlejò bíi tèmi ni wọ́n: ará Kòlóḿbíà, ará Ecuador, ará Sòmálíà, ará Afghanistan, ará Ukraine, ará Bràsíl. Àǹtí ní ó dáa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti wà nílùú òyìnbó, ṣebí Gẹ̀ẹ́sì náà á máa gba etí wọlé fúnra rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èèyàn lè gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù pẹ́ títí kó má máa sọ ju "hello" àti "thank you" lọ lójúmọ́. Ẹ wo obìnrin kan ní kíláàsì mi tó ń nu ọ́fíìsì. Ìdájí ló ń jáde nílé. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ará Kòlóḿbíà bíi tirẹ̀ ni wọ́n. Ọ̀gá wọn, ọmọ Ecuador. Bọ́ọ̀sì tó ń wọ̀ ní wákàtí yẹn, oorun ni gbogbo èrò inú rẹ̀ ń sùn. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, èdè Sípáníìṣì ni wọ́n fi ń wàásù. Ibi tó ti ń ra oúnjẹ lágbègbè Elephant and Castle, èdè kan náà ni. Ta ni kó wá bá sọ Gẹ̀ẹ́sì? Àwọn tó ni tábìlì tó ń nù, kí wọ́n tó dé, ó ti lọ.

Gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń ṣe kíláàsì wa, kò jìnnà sí Rye Lane ní Peckham, nírọ̀lẹ́, ọ̀fẹ́ ni. A kì í ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ní tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní ESOL, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó ń sọ èdè mìíràn, tí wọ́n pín sí ìpele márùn-ún: Entry 1, Entry 2, Entry 3, lẹ́yìn náà Level 1 àti Level 2. Wọ́n máa ń dán kíkà wò lọ́tọ̀, kíkọ lọ́tọ̀, sísọ àti gbígbọ́ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ló ti gba ibẹ̀ kọjá tàbí tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n mọ past tense. Obìnrin ará Ukraine kan wà tó lè ṣàlàyé present perfect fún yín débi tí ẹ ó fi bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Ohun tí wọn kò lè ṣe ni kí wọ́n gbé fóònù pe GP, ìyẹn dókítà àdúgbò.

Fóònù yẹn ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń le jù. Ẹni tó bá ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ohun tí aago mẹ́jọ àárọ̀ jẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, aago mẹ́jọ ni GP ń ṣí fóònù. Tó bá fi máa di mẹ́jọ ààbọ̀, àyè ọjọ́ yẹn lè ti tán. Wàá pè, orin á máa kọ, ohùn kan á máa kà á fún ọ pé èèyàn báyìí ló ṣì wà níwájú rẹ. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á gbé e, tí á da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ gbuurugbu: "What's it regarding? Date of birth? I can do ten fifteen, is that all right?" Kò sí ojú tí o máa wò, kò sí ẹnu tí o máa wò, kò sí ẹni tó máa tọ́ka fún ọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi á kàn rọra pa fóònù. Àwọn mìíràn á gbé e lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ rò ó wò ná: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó yẹ kó máa wọ bàtà sùkúù, òun ni yóò máa ṣàlàyé ohun tó ń ṣe ìyá rẹ̀ lábẹ́ inú fún àjèjì. Èmi ò lè fara mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi fóònù ṣáájú ohun gbogbo, kódà fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì tó nǹkan.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Màá to àga ní méjì méjì, kí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Ẹnì kan ni aláìsàn, ẹnì kejì ni akọ̀wé GP. Bébà akọ̀wé ní àwọn aago tí dókítà ti kún sí. Bébà aláìsàn ní ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀ àti àwọn wákàtí tó fi wà níbi iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yíjú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi bébà rẹ̀ han ẹnì kejì. Tí wọn ò bá sọ̀rọ̀, kò sí bí wọ́n ṣe máa rí aago kan tí yóò bá àwọn méjèèjì mu. Àwọn tíṣà mọ irú eré yìí dáadáa, information gap ni wọ́n ń pè é, ó sì ti pẹ́ láyé. Àga tó kẹ̀yìn síra yẹn ló ń mú kó dà bí ayé gidi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n ń fi sọ ọ́. Bàbá ará Sòmálíà kan ń fi ìka gún ikùn ara rẹ̀, ó ń fún ojú pọ̀, obìnrin tó kẹ̀yìn sí i ń wo ògiri. Bàbá ní "Bain! Bain here!" Obìnrin ní "Bain? What is bain?" Bàbá tún un sọ, ó gbé ohùn sókè. Obìnrin tún bi í. Bàbá tún gbé ohùn sókè sí i, débi pé àwọn tó wà nídìí tíì yíjú wò wọ́n. "Pain" ló ń wí. Èdè Sòmálí kò ní p, bẹ́ẹ̀ náà ni èdè Lárúbáwá, b ló ń bọ́ sí wọn lẹ́nu.

Tíṣà tó ka ìwé jù lè dá gbogbo kíláàsì dúró níbẹ̀ kó máa kọ́ wọn ní p. Èmi bi bàbá léèrè pé, tí obìnrin yẹn kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láéláé, kí ni ìwọ máa ṣe? Ó ronú. Ó ní, "My stomach. Very bad. Since yesterday." Ó parí! Akọ̀wé ní "Ah, stomach!" ó sì fún un ní aago mọ́kànlá ààbọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn gan-an nìyẹn: kéèyàn má sá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dàrú, kó gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Gbogbo nǹkan tó kù tí mò ń ṣe ní kíláàsì, abẹ́ rẹ̀ ló wà.

A ṣe p náà o, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà yẹn. Màá gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n gbé e síwájú ètè. Tí wọ́n bá pe "pain" dáadáa, bébà á fò síwájú. Tó bá jẹ́ "bain", kò ní mira. Ẹ̀rín ló máa ń jẹ́. Kí ẹ̀yin Yorùbá tó ń ka èyí má sì rẹ́rìn-ín jù, p tiwa náà kì í ṣe ti òyìnbó. Ẹ pe Pétérù kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Àwọn ará Bràsíl sì ń sọ "Facebooki" àti "interneti", bí àwa ṣe ń sọ báàgì àti bẹ́ẹ̀dì, torí kọ́ńsónáǹtì tó dá dúró sípẹ̀kun kò rọ àwa àti àwọn lọ́rùn. Ojú ẹbí ni mo fi ń wò wọ́n.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí n tó bi ẹnikẹ́ni ní orúkọ rẹ̀ pàápàá, àwọn gbólóhùn kan wà tí mò ń kọ sí pátákó tí kì í kúrò níbẹ̀: "Sorry, can you say that again, please?" "Slowly, please." "One moment, please." "Did you say fifteen or fifty?" "So, Friday, quarter past ten. Yes?" Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá ń ka ohun tó gbọ́ padà fún ẹni tó sọ ọ́ kò ní tètè ṣìnà. Fífi fifteen pe fifty ti mú kí àwọn kan pàdánù ọjọ́ dókítà, nítorí náà a máa ń pe nọ́ńbà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan: one five, àbí five zero? Èkejì rẹ̀ ni can àti can't. Òyìnbó máa ń gbé can mì nínú ọ̀rọ̀, kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ dún. Tó bá ti dún ketekete, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ can't ló sọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ń pe can ketekete bó ṣe wà nínú ìwé, akọ̀wé sì ń gbọ́ can't. Mo ní kí wọ́n má bá a jà, kí wọ́n kàn fi "yes" tàbí "no" ṣáájú: "Yes, I can." "No, I can't." Ó tán.

Ẹ̀ ń gbọ́ mi bí ẹni pé mo kórìíra gírámà. N kò kórìíra rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọkùnrin ará Afghanistan kan fún yín. Ìsọ̀ ẹran ló ti ń tajà ní Rye Lane. Ẹni tó bá mọ Peckham mọ irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀, kò ṣàdédé jẹ́ tí wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Little Lagos. Tẹ́ ẹ bá ń kọjá, á kígbe: "Ìyá, ẹ kú ọjà o! Ṣàkì wà! Pọ̀nmọ́ wà, ẹ̀dọ̀ wà, ẹ wá wò ó!" Tẹ́ ẹ bá ní ó ti wọ́n jù, á ní "Ẹ jọ̀ọ́ mummy, mélòó lẹ fẹ́ san?" Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ ọ ní Yorùbá. Àwọn ìyá oníbàárà ló kọ́ ọ. Wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe, ó tún un sọ, ọjà tà. Tí kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n wí, á ní "Kí lẹ wí?" láìtijú, á fi ọbẹ tọ́ka, wọ́n á jọ rí i.

Ọmọkùnrin kan náà yìí tó bá dé kíláàsì, tó di Gẹ̀ẹ́sì, ó di igi. Á máa to gbólóhùn nínú orí, ẹnu á máa mì láìdún, kó tó tò ó tán, ọ̀rọ̀ ti kọjá lọ. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì, ìdánwò wà fún un. Yorùbá, kò sí. Mo rò ó títí. Ní ìsọ̀, ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ fẹ́ gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ torí ó fẹ́ ra ẹran. Ní kíláàsì, tíṣà ń gbọ́ ọ láti mọ ibi tó ti ṣì í. Etí méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń mọ̀.

Nítorí náà n kì í já lu ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀. Mo ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́, mò ń rìn láàárín wọn, mò ń kọ ohun tí mo gbọ́. Tó bá kù díẹ̀ ká túká, màá kọ díẹ̀ lára rẹ̀ sí pátákó láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí àwọn fúnra wọn tún un ṣe. "Yesterday I go." "She have two son." Ẹni tó ni ín máa ń mọ ara rẹ̀, á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo fi ń dá sí i ni tí àwọn méjèèjì kò bá gbọ́ ara wọn yé mọ́ tí wọn kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn tó ṣòro, pàápàá fún àwọn olùrànlọ́wọ́ wa tó jẹ́ Yorùbá: ẹ dákẹ́. Àwa kì í fẹ́ kí ibi kan dákẹ́ rọ́rọ́. Tí a bá béèrè nǹkan tí ẹnì kan kò sì tíì dáhùn, a ti bá a dáhùn, a sì ti bá a dúpẹ́. Obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Mary Budd Rowe, ṣe ìwádìí lórí èyí ní àwọn ọdún 1970. Ó rí i pé tíṣà kì í sábà dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lẹ́yìn ìbéèrè kó tó tún la ẹnu. Tó bá sì lè fa ìdúró yẹn dé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọmọ ilé ìwé tó gbọ́ èdè tíṣà rẹ̀ ló fi ṣe é. Ẹ wá wo ẹni tó ní láti kọ́kọ́ gbọ́, kó túmọ̀, kó ronú, kó tún túmọ̀ padà. Mo máa ń ka ookan, eejì, ẹẹta sínú, nígbà mìíràn mo máa ń kà á dé mẹ́jọ. Ojú á máa ti olùrànlọ́wọ́ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sí ohun tó ṣe é.

Ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù lọ́dọ̀ wa ni èyí tí wọ́n ń pè ní 4/3/2, tí Paul Nation, ọ̀jọ̀gbọ́n ní New Zealand, wà lára àwọn tó jẹ́ kó gbajúmọ̀. Ìtàn kan ni wàá sọ. O máa kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sọ ọ́ fún ẹnì kan, lẹ́yìn náà wàá bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, wàá fi mẹ́ta sọ ọ́, lẹ́yìn náà ẹni kẹta, ìṣẹ́jú méjì péré. Ìtàn yẹn kan náà ni. Torí pé olùgbọ́ ń yí padà, kì í sú ẹnikẹ́ni. Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni ti ilé: ògiri yàrá tó hu dúdú nítorí ọ̀rinrin, bọ́ílà tí kò ṣiṣẹ́, onílé tí kì í gbé fóònù. Ní ẹ̀ẹ̀kíní, "eh, eh, the wall, eh" ló ń pọ̀ jù. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹnu ti dá ṣáká. Obìnrin tó ń nu ọ́fíìsì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè kúrò níbẹ̀, ó lọ pe onílé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Onílé kò tíì tún ògiri ṣe o, ẹ má ṣe jẹ́ kí n parọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ń pè é padà.

Ẹ kíyè sí i pé ilé ni mo ní kí wọ́n sọ, kì í ṣe ẹbí. Àwọn ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn "Tell your partner about your family" ju ohunkóhun lọ. Nínú yàrá tí àwọn kan ti sá fún ogun wá, tí ẹlòmíràn kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, ìbéèrè yẹn kì í ṣe eré. Mi ò kí ń béèrè ohun tó lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé, mi ò sì kí ń jẹ́ kí olùrànlọ́wọ́ béèrè. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́, wọ́n á sọ ọ́, nídìí tíì ni wọ́n ti sábà ń sọ ọ́. Oúnjẹ, bọ́ọ̀sì, onílé, sùkúù ọmọ, iye owó tòmátì: ọ̀rọ̀ tó wà nínú èyí nìkan kò ní tán títí ọdún á fi parí.

Ó ku ti ìdánwò, torí òun ló ń gbé ọ̀pọ̀ wọn wá. Ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì ẹnu òun dé B1, ìyẹn ìpele àárín, àyàfi tó bá ti pé ẹni ọdún 65 tàbí tó ní ìdí mìíràn tí òfin gbà. Ìdánwò Life in the UK tún wà lọ́tọ̀: ìbéèrè 24 lórí kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú 45, kó o gba ó kéré tán 18, o sì lè ṣe é tán láìla ẹnu rẹ. Ti B1, ẹnu ni. Ọ̀pọ̀ ń ṣe GESE Grade 5, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ẹnu ti Trinity College London, ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú olùdánwò kan. Wàá mú àkòrí kan wá fúnra rẹ, lẹ́yìn náà ẹ ó jọ sọ̀rọ̀ lórí méjì lára àwọn tí wọ́n ti là sílẹ̀, irú bí ọkọ̀ wíwọ̀, orin, àjọ̀dún.

Èmi náà ṣe é, kí Àǹtí mi má gbọ́! Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò, gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ń sọ. Ẹni tó ní digíríì tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lè fi ìyẹn gba ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n NCE ni mo ní. Mo jókòó níwájú ọmọdébìnrin kan, ó ní kí n sọ̀rọ̀ nípa àjọ̀dún. Mo gbé Ojúde Ọba lé e lórí: ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹṣin, ìbọn, àwọn ẹgbẹ́ nínú aṣọ, bí wọ́n ṣe ń wá kí Awùjalẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti gun ẹṣin rí. Ó ní rárá, ẹ̀rù ẹṣin ń bà á. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè tí mo bi í yẹn wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Ó yẹ kí ìwọ náà béèrè, ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ti ń kọsẹ̀ jù. Lójú ọ̀pọ̀ wọn, olùdánwò jẹ́ aláṣẹ, ta ló ń bi aláṣẹ ní ìbéèrè? Mo ń sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ sísọ dà bí ayò, tí mo bá ta, ìwọ náà ní láti ta, tó o bá kàn jókòó ti ọpọ́n, eré ti bàjẹ́. Òfin kíláàsì wa ni pé kò sí ìdáhùn tó gbọdọ̀ parí láìsí "And you?" tàbí nǹkan tó jọ ọ́. Ó ń wúlò lójú pópó náà. Ọmọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù á ní "You all right?" kò sì retí ìròyìn. Bàbá ará Sòmálíà wa dá ọmọ tó ń gbowó ní sùpámákẹ́ẹ̀tì lóhùn pé "No, my leg, two weeks," ọmọ náà ò mọ ohun tó máa ṣe. Ní báyìí ó ń sọ pé "Not bad, you?" ó sì ń fi òjò tàbí òtútù kún un. Ó ní òun ò tíì rí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń dárò ojú ọjọ́ tó báyìí.

Àwọn kan ti bi mí bóyá ohùn Ìjẹ̀bú mi kò ní ba Gẹ̀ẹ́sì wọn jẹ́. Ta ni wọ́n máa bá pàdé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù yìí? Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ará Ghana, nọ́ọ̀sì ará Philippines, akọ̀wé GP tí ìyá rẹ̀ ti Jàmáíkà wá. Kí wọ́n gbọ́ ohùn oríṣiríṣi ni mo fẹ́.

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham, Camberwell àti Old Kent Road. A ń fẹ́ olùrànlọ́wọ́ fún táàmù tó ń bọ̀. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ jẹ́ tíṣà. Ẹ má mú ìwé gírámà wá, a ní. Ẹni tó lè jókòó kẹ̀yìn síni, tó lè gbé ohùn akọ̀wé GP tí inú ń bí láago mẹ́jọ àárọ̀, tí kò sì ní bá ẹnikẹ́ni dáhùn ìbéèrè rẹ̀, òun la ń wá. Bisikíìtì wà, tíì wà. Tẹ́ ẹ bá lè mú pọ́fùpọ́fù díẹ̀ dání, ará Bràsíl wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀.